Ẹni Tí Kò Wọ Igbó Kò Lè Mọ Igbó: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ àti Ẹranko

 

Gbogbo wa la mọ agbe, àlùkò àti lékèlékè lẹ́nu. Kò sí ìkómọ tàbí ìṣílé tí wọn kì í fi orúkọ àwọn ẹyẹ mẹ́ta yìí ṣàdúrà fún èèyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: mélòó nínú àwa tí a wà lórí WhatsApp yìí ló ti fojú ara rẹ̀ rí agbe rí? Lékèlékè, kò burú, torí ó máa ń tẹ̀ lé màlúù kiri. Agbe ńkọ́? Àlùkò ńkọ́? Ẹ fún ọmọ ọdún méwàá ní ìwé, á ya kìnnìún fún yín dáadáa. Ẹ ní kó ya etu tàbí akíka, á máa wò yín ni.

Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lóṣù yìí nìyẹn: ìtàn bí àwọn èèyàn wa ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ igbó àti ilẹ̀, bí àwọn òyìnbó náà ṣe wá kọ́ ọ, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ilẹ̀ ìlú wa lónìí yìí gan-an. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Kò sẹ́ni tó mọ igbó rí, ì báà jẹ́ dúdú, ì báà jẹ́ funfun, tí kì í ṣe pé ó wọ inú rẹ̀ lọ, tó sì ní ẹni tó ń tọ́ka nǹkan hàn án. Tí a bá ti dáwọ́ ìyẹn dúró, ìmọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ilẹ̀ náà á sì máa bọ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn bàbá wa

Kí ilé ìwé tó dé, ẹ̀yìn bàbá lọ́mọ ti ń kọ́ oko. Ohun àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ ni orúkọ ilẹ̀. Ẹgàn ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko sí rí. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí odò tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Á mọ ilẹ̀dú tó sanra, á mọ ilẹ̀ yangí tí ọkọ́ kì í fẹ́ wọ̀. Tó bá rí i pé ẹ̀kan ti gba ilẹ̀ kan, wọ́n á sọ fún un pé ó ti rẹ ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi. Kò sí pátákó, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, ojú ni wọ́n fi ń kà á.

Ọmọ ọdẹ ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Á kọ́ láti mọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín yàtọ̀ sí ti etu, á mọ ojú ọ̀nà tí ọ̀yà là nínú koríko, á mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá kí ẹranko má baà gbóòórùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ igi pẹ̀lú, torí pé igi tí èso rẹ̀ bá ń jábọ́ lásìkò kan ni ẹran máa wá sídìí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ìjálá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ nínú rẹ̀ jọ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1966. Tí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ oríkì ẹranko, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìyìn lásán. Ó ń sọ àwọ̀ ara rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sápamọ́ sí, àní bí ẹran rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní yunifásítì pé ká máa kọ sílẹ̀ nípa ẹranko kan, àwọn ọdẹ ti kó o jọ sínú oríkì.

Kì í ṣe ọdẹ nìkan o. Igi ọ̀mọ̀ wà lára igi tí àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn jù. Wọ́n sì máa ń sọ pé èyí tó hù sẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, torí ó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láti kékeré, ìlù tí a bá fi gbẹ́ á mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ìyá wa ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà náà, ojú, ọwọ́ àti imú ni wọ́n fi ń dá ewé mọ̀, torí ewé méjì lè jọra bí ìbejì kí ọ̀kan jẹ́ oògùn, kí èkejì jẹ́ májèlé.

Irẹ́ ló kọ́kọ́ jìyà

Ní 1887, Alfred Moloney tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà yẹn tẹ ìwé kan jáde nípa igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún kan náà ni ìjọba dá ọgbà ẹ̀kọ́ ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, owó ló kọ́kọ́ sáré wọ igbó wa, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Láàárín ọdún 1890 sí 1900, òkìkí kàn pé oje igi irẹ́ ṣe é fi ṣe rọ́bà, òyìnbó sì ń rà á lówó gọbọi. Àwọn èèyàn ya wọ igbó. Àwọn kan tún ti Gold Coast wá, ìyẹn Ghana òde òní, torí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ igi lára láti ìdí dé òkè, wọn kì í dúró kí egbò rẹ̀ jinná kí wọ́n tó tún kọ òmíràn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ gé igi náà lulẹ̀ pátápátá kí wọ́n lè rí oje rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó pé, ọ̀pọ̀ irẹ́ ti gbẹ lórí ìdúró, òwò rọ́bà náà sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ọ̀rọ̀ irẹ́ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀. Ní 1899 wọ́n ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀ lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn igbó ìjọba tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ibi tí bàbá èèyàn ti ń dẹ̀gbẹ́, kó wá di ibi tí a ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba, ó dunni. Àmọ́ nínú igbó Olókemejì yìí ni ẹ̀kọ́ kan ti jáde tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú wa mọ̀.

Ilẹ̀ mẹ́ta, iná méjì

Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó wọn ilẹ̀ mẹ́ta sí Olókemejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbéèrè wọn ni pé: kí ló dé tí ibì kan fi jẹ́ igbó, tí ibi tó wà nítòsí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dàn, nígbà tó jẹ́ pé òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì? Wọ́n ṣán gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń sun ilẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, tí koríko ti gbẹ pátápátá. Wọ́n ń sun ìkejì lọ́dọọdún bákan náà, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Ìkẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá.

Wọn kò kánjú. Ọdún 28 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò ńlá kan, Charter àti Keay sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1960. Kí ni wọ́n rí? Ilẹ̀ tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ti di ọ̀dàn: koríko pọ̀, igi tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó lè fara da iná nìkan ló kù. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sàn díẹ̀, igi rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tí iná kò kàn ti ń padà di igbó, àwọn igi inú igbó gan-an ti ń hù níbẹ̀, òjìji wọn sì ti ń lé koríko lọ.

Ẹ rò ó wò. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, oòrùn kan náà. Iná tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan lè gbọ́ eléyìí kó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sì parọ́. Ohun tí àwọn ará Olókemejì ṣe ni pé wọ́n dúró sójú kan, wọ́n ń wo ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi lè rí i kà lónìí.

Ẹ wá wo tiwa. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé, iná á sọ lẹ́yìn ìlú. Òmíràn, ẹni tó ń wá ọ̀yà ló dá a. Òmíràn, sìgá. Òmíràn, àgbẹ̀ tó sun oko rẹ̀ láìla ààlà iná yí i ká. Nígbà tó bá yá, a ó máa sọ pé ojú ọjọ́ ti yí padà, odò kì í kún bíi ti tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ kò mú nǹkan jáde mọ́. Ojú ọjọ́ ń yí padà lóòótọ́, àmọ́ ìṣáná wà lọ́wọ́ tiwa náà.

Orúkọ wa lẹ́nu ayé

Ẹ lè bi mí pé, ṣé òyìnbó ló wá fi igbó wa hàn wá ni? Rárá o. Ẹ̀rí wà nínú orúkọ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gedú ní London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ ó bá “iroko”, “opepe”, “afara” àti “idigbo” lórí ìwé wọn. Yorùbá ni gbogbo wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ti ní láti bi ẹnì kan pé, “Kí lẹ ń pe igi yìí?” Nígbà tí Dalziel kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ewéko tó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1937, ó kọ orúkọ Yorùbá púpọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ Nàìjíríà, Onochie, bá Keay àti Stanfield kọ ìwé lórí àwọn igi Nàìjíríà. Ní Ìbàdàn, ilé àkójọ ewé gbígbẹ kan wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FRIN. Ẹ̀ka igi, òdòdó àti èso ni wọ́n tẹ̀ mọ́ pépà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti já a sí i lára.

Ìtàn ẹyẹ kan náà wà. Elgood, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, máa ń wo ẹyẹ kiri àdúgbò. Ní 1958 ó kọ̀wé nípa irú ẹ̀gà kan, dúdú àti pupa, tí àwọn onímọ̀ kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Títí di òní, kò sí ibòmíràn láyé tí a ti rí ẹyẹ yìí bí kò ṣe gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí, ó sì wà nínú ewu. Wọ́n ṣì máa ń rí i nínú igbó IITA ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ tí ìjọba fún IITA ní 1967 tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà, wọ́n sì dá nǹkan bí 350 hẹ́kítà sí fún igbó. Ẹyẹ tí gbogbo ayé ń wọkọ̀ òfuurufú wá wò, ó ṣeé ṣe kó ti fò kọjá lórí ọ̀kadà yín rí tí ẹ bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn.

Bákan náà ni igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láti 1946 ni wọ́n ti ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Erin gidi, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe ti inú tẹlifíṣọ̀n. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nǹkan bí 75 hẹ́kítà, wà láàárín ìlú tó ti kún kọjá ààlà. Ìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà ló kọ́kọ́ pa á mọ́, iṣẹ́ Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ tún gbà á sílẹ̀, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005.

Ilé ìwé tó yẹ kó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa

Kí ló wá fa á tí ìmọ̀ yìí kò fi dé ọ̀dọ̀ ìran tiwa? Ilé ìwé kó ọmọ kúrò lẹ́yìn bàbá rẹ̀, èyí kò burú, torí gbogbo wa la ń jẹ èrè ìwé. Àmọ́ ilé ìwé náà kò mú ọmọ padà lọ sínú igbó. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì kò sì ní orúkọ fún ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá lè fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tó fojú rí, òye rẹ̀ á tètè là. Kí ni ìjọba wa ṣe sí i? Ẹ̀yin náà mọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹlòmíràn lè máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Kọ-ọ̀dínétọ̀, iná kò sí, ọ̀nà kò dára, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi díẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo ń sọ.

Kí ni àwọn bàbá wa fi pa ààlà? Pèrègún ni. Níbòmíràn, akòko. Níbòmíràn, ìrókò kan, òkúta kan, ìyípo odò kan. Bí a ṣe wà yìí, wọ́n ń gé ilẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì lẹ́yìn ìlú. Katakata á dé ní òwúrọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, pèrègún tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá ńlá ti di ilẹ̀. Ọ̀dọ́ tó dúró síbẹ̀ tó ń wò ó kò tiẹ̀ mọ̀ pé ààlà ilé àwọn ni wọ́n wú yẹn.

Tí ẹjọ́ bá wá dé ńkọ́? Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé, ìyẹn ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ ni tòun gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lọ́yà á bi yín pé igi wo ló wà ní igun yẹn. Tí gbogbo ewé bá jẹ́ “ewé” lásán lójú yín, tí gbogbo igi jẹ́ “igi”, kí lẹ máa sọ?

Igi àti ewé máa ń jẹ́rìí sí ìgbà pẹ̀lú. Ẹ wo ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí a máa ń fún sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó ti gba gbogbo oko, ẹni tó bá rí i á rò pé Odùduwà ló gbìn ín. Àlejò ni. Àwọn onímọ̀ ewéko ní inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí dé Nàìjíríà, ní nǹkan bí 1937. Orúkọ tí a fún un gan-an ń sọ ayé ìgbà tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ pé ewé yìí wà lórí ilẹ̀ wọn nígbà ogun Kírìjì, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún

A ò béèrè owó ńlá. Ohun tí a fẹ́ nìyí:

1. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí, kí a kó àwọn ọmọ ilé ìwé wọ igbó àti oko ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní òwúrọ̀, pẹ̀lú àwọn ọdẹ, àwọn bàbá àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ẹlẹ́wé. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bàtà gidi, ìwé kékeré àti bírò. A ò ní pa ẹran, a ò ní já ewé sẹ́nu.

2. Kí a kọ orúkọ igi, ewé, ẹyẹ àti ẹranko bí a ṣe ń pè é ní ìlú wa, torí orúkọ lè yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. A ó ya fọ́tò, a ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Èyí tí kò bá dá wa lójú, a ó mú ẹ̀ka rẹ̀ lọ bá àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn.

3. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tí àgbà máa mú rin ààlà ilẹ̀ wọn, igun dé igun, kí wọ́n sì kọ igi ààlà sílẹ̀.

4. Kí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè bá wa fi gbọ̀ngàn kéde ṣáájú ọyẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má dá iná sí igbó tó kù lẹ́yìn ìlú. Ẹ ti rí ohun tí iná ṣe ní Olókemejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Àbújá, London àti Houston, ẹ má ní kò kàn yín. Tí ẹ bá ní bàbá tàbí màmá tó ti lé ní 70 ọdún lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ Sátidé. Ẹ bi wọ́n pé igi wo ló wà nídìí odò tí wọ́n ti ń pọnmi ní kékeré, ẹyẹ wo ló máa ń ké kí ilẹ̀ tó mọ́, igi wo ni ààlà oko bàbá wọn. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí gbàgede ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó.

Àwọn tó mọ igbó yìí délẹ̀délẹ̀ nínú ìlú wa kò pọ̀ mọ́, ọjọ́ orí wọn sì ti ga. Ẹ jẹ́ ká tètè bi wọ́n.

Ire o.

Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́